Ta Ni Yóò Tọ́jú Ẹni Tí Ń Tọ́jú Ẹran?

Ọ̀ràn kan tí a kì í sábà sọ ní gbangba ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò ní oṣù yìí. Ó kan àwọn tí iṣẹ́ òòjọ́ wọn jẹ́ láti máa tọ́jú ẹran: dókítà ẹran àti àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀, ẹni tí ń ṣọ́ ọgbà adìẹ, olùtọ́jú ẹṣin, ẹni tí ń bọ́ àwọn ẹranko ìgbẹ́ tí a kó sí ọgbà, darandaran, àti ọ̀pọ̀ ọmọdékùnrin tí a fi àgbò tàbí ajá sí ìkáwọ́ wọn. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé iṣẹ́ wọn le fún ara. Ohun tí a kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ni pé ó le fún ọkàn pẹ̀lú, àti pé ní àwọn ilẹ̀ tí a ti ṣe ìwádìí rẹ̀, bí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, iye àwọn dókítà ẹran tí ń fi ọwọ́ ara wọn gba ẹ̀mí ara wọn ju ti àwọn ènìyàn yòókù lọ dáadáa.

Ẹni tí ń gbé ní Ìsàlẹ̀ Èkó lè rò pé ọ̀ràn yìí jìnnà sí òun. Kò sí pápá oko tútù ní Ìdúmọ̀tà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí gáà àwọn Fúlàní lẹ́bàá Ìgà Ìdúngànran. Ṣùgbọ́n kí ó kàn rìn gba àwọn àdúgbò wọ̀nyí kọjá nígbà tí ọdún Iléyá bá kù sí dẹ̀dẹ̀, yóò rí àgbò ní ẹnu ọ̀nà ilé púpọ̀, tí a fi okùn so mọ́lẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn ni a rà ní àná. Àwọn kan ń sin àgbò nítorí ìjà àgbò, eré tí àwọn ọmọ Èkó fẹ́ràn. Wọn a sọ ọ́ ní orúkọ, wọn a wẹ̀ ẹ́, wọn a fi ọwọ́ bọ́ ọ. Ọmọdékùnrin tí a fi irú ẹran bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́ yóò mọ ohùn rẹ̀ láàárín ogún ẹran. Ní ọjọ́ kan, a óò pè é pé kí ó wá bá wa di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Bí ojú ọmọ náà bá fà ro, ẹ̀rín ni a óò fi ṣe. Bí ó bá sì sunkún, a óò wí fún un pé: "Ẹran ni, kì í ṣe ènìyàn."

Yàtọ̀ sí èyí, àwọn kan nínú ará ilé wa ń kọjá afárá lọ sí ibi tí iṣẹ́ wọn gbé wà, ní ọgbà adìẹ ní Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́, ní ilé ìpẹran ní Agége, ní ilé ìwòsàn ajá, tàbí ní pápá tí a ti ń fi ẹṣin gbá bọ́ọ̀lù ní Ìkòyí. Wọn a jáde ní ìdájí, wọn a padà ní alẹ́, wọn a sì jókòó láàárín wa bí ẹni tí ohunkóhun kò ṣe. Àwọn àgbà wí pé gbogbo alángbá ni ó da ikùn dé ilẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yẹn, "Ẹran ni." Òtítọ́ ni, kò sí ẹni tí ó ní àgbò jẹ́ ènìyàn. Ṣùgbọ́n òtítọ́ tí a bá sọ ní àkókò tí kò yẹ a máa di ìdérí ìkòkò. Àwọn baba wa tí kò fi ẹran ṣe ènìyàn ni ó ń fi òwe sọ ajá wọn ní orúkọ, àwọn ọdẹ wọn sì ní oríkì fún ẹran tí wọ́n ń pa, débi pé ẹni tí kò rí erin rí lè mọ bí ó ti ń rìn láti ẹnu wọn. Wọ́n mọ̀ pé ènìyàn kò lè bá ohun abẹ̀mí gbé pọ̀ kí nǹkan kan má so wọ́n pọ̀. Ní 1989, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Kenneth Doka, fi orúkọ kan sí irú ìbànújẹ́ tí a ń wí yìí. Ó pè é ní ọ̀fọ̀ tí ayé kò fún ni láàyè láti ṣe. Bí ìyá ènìyàn bá kú, a óò wá kí i, a óò bá a jókòó, a óò sì gbà á láàyè kí ó má lọ sí ibi iṣẹ́. Bí ẹran tí ó ti tọ́jú fún ọdún mẹ́wàá bá kú, kò sí ẹni tí yóò kí i kú àṣẹ̀yìndè. Nítorí náà, ìbànújẹ́ náà kò rí ọ̀nà jáde. Ó wà nínú, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé àìsàn àwọn Òyìnbó ni èyí. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, láàárín bíi 1887 sí 1891, àjàkálẹ̀ àrùn màlúù kan tí a ń pè ní rinderpest wọ ilẹ̀ Áfíríkà láti ìhà ìlà-oòrùn, ó sì tàn títí ó fi dé ilẹ̀ àwọn Haúsá àti Fúlàní. Gáà tí ó ní ọgọ́rùn-ún màlúù a di gáà tí kò ní ẹyọ kan. F. W. de St. Croix, ẹni tí ó mọ àwọn Fúlàní Àríwá dáradára, kọ ìtàn náà sínú ìwé kan tí a tẹ̀ ní Èkó níhìn-ín ní 1945. Ó kọ ọ́ pé àwọn tí ó pàdánù agbo wọn ya wèrè, pé a gbọ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn pa ara wọn, àti pé àwọn mìíràn ń rìn káàkiri nínú igbó, wọ́n ń pe màlúù tí kò sí mọ́. Ẹ ro ó wò: ọkùnrin kan dúró ní àárín igbó ní ìrọ̀lẹ́, ó ń pe màlúù rẹ̀ ní orúkọ bí ó ti máa ń pè wọ́n, kò sì sí ohun tí ó dá a lóhùn. Bóyá ẹnìkan wà nítòsí tí ó wí fún òun náà pé ẹran ni.

Nítorí àrùn yẹn gan-an ni ìjọba fi dá ilé ìwádìí àrùn ẹran sílẹ̀ ní Vom, lẹ́bàá Jos, ní 1924. Ìṣẹ́gun rẹ̀ pẹ́, ṣùgbọ́n ó dé: ní 2011 ni a kéde pé àrùn náà ti parẹ́ ní gbogbo ayé. Ohun ìyanu ni, ó sì yẹ kí a máa fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé wa. Màlúù ti rí olùtọ́jú. Ta ni ó ronú nípa darandaran?

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo bí ohun náà ti ń ṣẹlẹ̀ nínú ọkàn. Ní èdè wa, bí iṣẹ́ bá pọ̀ jù fún ènìyàn, a máa ń wí pé agara dá a. Agara ara wà, oorun òru kan tàbí méjì a sì wò ó sàn. Ṣùgbọ́n agara mìíràn wà, tí ó jẹ́ ti àánú. Ní 1992, nọ́ọ̀sì kan, Carla Joinson, kọ̀wé nípa àwọn nọ́ọ̀sì tí àánú wọn ti gbẹ nítorí ìrora tí wọ́n ń rí lójoojúmọ́. Ní 1995, Charles Figley ṣe ìwé odidi lórí rẹ̀. Àwọn tí ń tọ́jú ẹran kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé àwọn ni a ń bá wí. Ẹni tí agara àánú dá kì í ṣe òǹrorò ènìyàn. Aláàánú ni, ìbá má jẹ́ bẹ́ẹ̀, agara náà kì bá tí dá a. A óò rí i pé ẹni tí ó ti fẹ́ràn ajá láti kékeré bẹ̀rẹ̀ sí kórìíra ìgbe rẹ̀. Yóò máa jágbe mọ́ ẹran, lẹ́yìn náà yóò jágbe mọ́ ọmọ rẹ̀. Kò ní lè sùn, tàbí kí ó máa sùn jù. Ọtí a máa pọ̀ sí i. Ohun tí ó ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ kò ní dùn mọ́ ọn mọ́. Bí a bá bi í léèrè, yóò wí pé kò sí nǹkan.

Ohun kejì yàtọ̀ sí èyí, àwa sì gbà pé òun ni ó burú jù. Bernard Rollin, onímọ̀ ọgbọ́n orí kan tí ó kọ́ àwọn dókítà ẹran ní Colorado, kọ̀wé nípa rẹ̀ láti ọdún 1986. Dókítà àti nọ́ọ̀sì tí ń tọ́jú ènìyàn a máa sapá kí ikú má dé. Ẹni tí ń tọ́jú ẹran, òun kan náà ni a ó ní kí ó pa á. Ọwọ́ kan náà tí ó fi bọ́ ọ ni yóò fi gún un ní abẹ́rẹ́ ikẹyìn. Nígbà mìíràn, ikú yẹn jẹ́ àánú, ọkàn a sì gbà á. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ẹran náà kì bá kú bí owó bá wà. Àwọn dókítà ẹran ilẹ̀ wa mọ èyí ju ti ibòmíràn lọ. A gbé ajá wá. Dókítà mọ oògùn tí yóò wò ó sàn. Oníjà, ìyẹn ẹni tí ó ni ajá, béèrè iye rẹ̀, ó mi orí, ó sì ní kí a jẹ́ kí ó kú. Tàbí kí ajá tí a kò gún ní abẹ́rẹ́ àjẹsára bu ọmọ jẹ, kí ìbẹ̀rù dígbòlugi sì gba gbogbo àdúgbò kan. Àrùn tí ó jẹ́ pé bí àmì rẹ̀ bá ti hàn tán kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tí í yè é, ìbáà ṣe ènìyàn tàbí ẹran, kò ṣeé fi ṣeré. Dókítà a ṣe ohun tí ó yẹ, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé abẹ́rẹ́ kan péré ni ìbá ti dí i lọ́nà ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn. Rollin wí pé irú ìdààmú yìí kì í ṣe ti iṣẹ́ púpọ̀, a kò sì lè fi ìsinmi lásán wò ó. Ìjà ẹ̀rí-ọkàn ni: ohun tí ẹni náà ń ṣe lòdì sí ohun tí ó mú un yan iṣẹ́ náà.

Iye tí a kà kò gba àríyànjiyàn. Ní 2010, David Bartram àti David Baldwin kọ̀wé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ikú láti ọwọ́ ara ẹni láàárín àwọn dókítà ẹran fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin ti àwọn ará ìlú. Ní 2019, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń mójú tó àrùn gbé ìwádìí jáde lórí ikú àwọn dókítà ẹran láti 1979 títí dé 2015. 398 nínú wọn ni ó kú ní ọ̀nà yìí. Ti àwọn ọkùnrin jẹ́ ìlọ́po 2.1 iye tí à bá retí, ti àwọn obìnrin sì jẹ́ ìlọ́po 3.5. Kì í ṣe ohun kan ṣoṣo ni ó fà á, a kò sì gbọdọ̀ fi ẹnu kan sọ ìdí ikú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè ka iye wọ̀nyí kí ó tún wí pé ẹran ni.

Ní orílẹ̀-èdè wa, ìdánwò ńlá dé ní 2006. Ní oṣù kejì ọdún náà ni a rí àrùn ẹyẹ tí a ń pè ní H5N1 ní ọgbà adìẹ ńlá kan ní Jájí, ní Ìpínlẹ̀ Kàdúná. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí a rí i ní ilẹ̀ Áfíríkà. Kò pẹ́ tí ó fi dé Èkó, àti ní oṣù kìíní ọdún 2007, arábìnrin kan kú nípa rẹ̀ ní Èkó, ẹni àkọ́kọ́ tí a mọ̀ pé ó pa ní Nàìjíríà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2015 ó tún yọjú, Kánò àti Èkó sì wà nínú àwọn ibi àkọ́kọ́. Ọ̀nà tí a yàn láti fi dá a dúró ni kí a pa gbogbo adìẹ inú ọgbà tí ó bá wọ̀, àti èyí tí ń ṣàìsàn àti èyí tí ara rẹ̀ le. Ní ìgbà àkọ́kọ́ yẹn, adìẹ tí a pa ju 1,000,000 lọ. Àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ náà wọ aṣọ rọ́bà láti orí dé ẹsẹ̀ nínú oòrùn wa yìí. Nínú wọn ni àwọn tí ó ti bọ́ àwọn adìẹ náà láti ìgbà tí wọ́n ti jẹ́ òròmọ. Ìjọba ṣètò owó gbà-má-bínú, náírà 250 fún adìẹ kan, fún ẹni tí ó ni ọgbà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó di adìẹ náà mú kò sí nínú ìṣirò.

Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń ṣe sí ènìyàn, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè kọ́ wa, nítorí pé níbẹ̀ wọ́n béèrè. Ní 2001, àrùn ẹsẹ̀ àti ẹnu bá màlúù àti àgùntàn wọn jà, a sì pa ẹran tí ó ju 6,000,000 lọ. Maggie Mort àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Lancaster wá bẹ ènìyàn 54 ní ìgbèríko Cumbria pé kí wọ́n máa kọ ohun tí ó wà lọ́kàn wọn sínú ìwé ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, fún oṣù 18. Àbájáde rẹ̀, tí a tẹ̀ ní 2005, fi hàn pé ọ̀fọ̀ ni wọ́n ń ṣe, ọ̀fọ̀ gidi. Pé ìbẹ̀rù àjálù mìíràn kò fi wọ́n sílẹ̀. Pé wọn kò gbẹ́kẹ̀lé àwọn aláṣẹ mọ́. Àti pé kì í ṣe àwọn àgbẹ̀ nìkan ni ó kàn, bí kò ṣe ọ̀pọ̀ àwọn tí iṣẹ́ wọn mú wọn dé ibi tí a ti ń pa ẹran náà.

Èyí tí ó súnmọ́ wa jù ṣẹlẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2024. Nínú ọgbà ẹranko Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, kìnnìún kan pa ọkùnrin tí ń tọ́jú rẹ̀, ẹni tí ó ti ń bọ́ ọ láti ìgbà tí a ti bí i ní ọgbà náà, bíi ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. A pa kìnnìún náà pẹ̀lú. Gbogbo ìlú sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, àwọn kan tilẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́, ohun ìtìjú ni. Ẹ ro ti àwọn tí ó bá ọkùnrin náà ṣiṣẹ́: ẹnìkejì wọn lọ, ẹran tí wọ́n jọ tọ́ lọ, ní ọjọ́ ìbànújẹ́ kan náà, wọ́n sì tún gbọ́dọ̀ bọ́ àwọn ẹranko yòókù ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Ǹjẹ́ kí ni a lè ṣe? Ìwòsàn kan wà tí a ń fi ọ̀rọ̀ ṣe. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbà pé ọ̀rọ̀ lè jẹ́ oògùn, wọ́n sì ń rò pé ẹni tí ó lọ bá oníwòsàn ọkàn lọ gba ìmọ̀ràn ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ràn kò wọ́n ní Èkó. Ẹni tí yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ títí dé òpin ni ó wọ́n. Aaron Beck, dókítà ọkàn kan ní Philadelphia, fi hàn láti àwọn ọdún 1960 wá pé èrò kan a máa wà ní ìsàlẹ̀ ìrẹ̀wẹ̀sì, èrò tí ẹni náà ti gbà bí òtítọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Iṣẹ́ oníwòsàn ni láti bá a mú èrò náà jáde sí ìmọ́lẹ̀, kí àwọn méjèèjì sì jọ wò ó. Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ṣiṣẹ́ ní ọgbà adìẹ nígbà tí àrùn wọlé tọ olùkọ́ àgbà kan wá ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà.

"Ẹ káalẹ́, sà."

"Káalẹ́, ọmọ mi. Jókòó. Wọ́n ní o kì í sùn mọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Bàbá, èmi ni mo pa wọ́n. Bí mo bá ti pè wọ́n, wọn a sáré wá. Ní ọjọ́ náà pẹ̀lú, mo pè wọ́n, wọ́n sì sáré wá."

Olùkọ́ náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wí pé, "Sọ bí ọjọ́ náà ti rí fún mi. Kò sí ìkánjú."

Ó sọ ọ́, ó sì pẹ́ kí ó tó sọ ọ́ tán. Nígbà náà ni olùkọ́ béèrè pé, "Bí o bá ti kọ̀, kí ni ìbá ṣẹlẹ̀ sí wọn?"

"Àrùn náà ìbá pa wọ́n, sà, pẹ̀lú ìrora. Ìbá sì dé ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò, bóyá ìbá dé ara ènìyàn."

"Ìwọ ni o mú àrùn náà wọlé bí?"

"Rárá, sà."

"Wọ́n sì gbọ́dọ̀ kú ní ọjọ́ náà, ní ọwọ́ ẹnìkan. Ní ọwọ́ ẹni tí wọ́n mọ̀ àti ní ọwọ́ àjèjì, èwo ni ìbá fi ẹ̀rù bà wọ́n jù?"

Ẹ kíyèsí ohun tí olùkọ́ náà kò ṣe. Kò wí pé adìẹ ni. Kò wí pé kí ó gbàgbé. Kò pa ìtàn ti ara rẹ̀ láti fi hàn pé ìyà ti jẹ òun ju bẹ́ẹ̀ lọ, àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ láàárín àwa àgbà. Kò sì dáhùn ìbéèrè ikẹyìn náà fún un. Ó jẹ́ kí ó gbé e lọ sí ilé. Ẹni tí a ti kọ́ ní iṣẹ́ yìí yóò ṣe é jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ní ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ó lè fi oògùn kún un bí ó bá yẹ. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wà ní ìkáwọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá lè pa ẹnu mọ́.

Àwa Yorùbá kò sì bẹ̀rẹ̀ ní òní. Nígbà tí Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, padà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí dókítà ọkàn, ó bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Arò ní 1954 tí ayé wá wò. Kàkà kí ó ti àwọn aláìsàn mọ́ ilé, ó fi wọ́n sí ọ̀dọ̀ àwọn ará abúlé tí ó wà lẹ́bàá ilé ìwòsàn náà, ìbátan wọn kan a sì tẹ̀ lé wọn wá láti máa bá wọn gbé. Wọn a gba oògùn, wọn a sì máa bá ènìyàn jẹun, wọn a bá wọn ṣe iṣẹ́. Lámbò rí i pé ìdákẹ́ àti ìdáwà ń dá kún àìsàn náà. Ní orílẹ̀-èdè Zimbabwe, Dixon Chibanda bẹ̀rẹ̀ ohun tí ó jọ ọ́ ní 2006. Ó kọ́ àwọn ìyá àgbà 14 ní Harare bí a ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, ó sì gbé àga onígi kalẹ̀ fún wọn ní àgbàlá ilé ìwòsàn. Ẹni tí ìrònú bá pọ̀ jù fún a wá jókòó tì wọ́n, wọn a sì bá a tú ìṣòro rẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a dán an wò pẹ̀lú ènìyàn 573, tí a sì tẹ àbájáde rẹ̀ ní 2016, ara àwọn tí ó jókòó sí àga náà yá ju ti àwọn yòókù lọ. Àga kan kò ṣòro láti gbé sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìwé, àwọn ìyá àgbà kò sì wọ́n ní Ìsàlẹ̀ Èkó.

Àwọn dókítà ẹran pàápàá ti bẹ̀rẹ̀ sí dúró ti ara wọn ní ilẹ̀ òkèèrè. Ní Yunifásítì Tennessee, Elizabeth Strand ti dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ láti 2002 tí ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ àánú bí wọn yóò ti máa ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ẹran, kí wọ́n lè bá olówó ẹran àti dókítà sọ̀rọ̀. Ní 2014, àwọn dókítà ẹran Amẹ́ríkà dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, Not One More Vet, orúkọ tí ó túmọ̀ sí pé kí ó má tún ku ẹnìkan mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọgbà adìẹ, ẹ̀yin tí ẹ ní ilé ìwòsàn ẹran, ọ̀rọ̀ díẹ̀ wà fún yín. Ẹ má ṣe fi iṣẹ́ pípa sí ọwọ́ ẹnìkan ṣoṣo lójoojúmọ́ nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ yá. Ẹ jẹ́ kí ó máa yí ká. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí ó má jẹ́ ẹni tí ó tọ́ ẹran náà ni yóò pa á, àyàfi bí òun fúnra rẹ̀ bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn mìíràn wà tí kì í fẹ́ kí àjèjì ṣe é. Lẹ́yìn irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó pọ̀, kí wọ́n sọ̀rọ̀, kí ọ̀gá náà sì kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ fi àgádágodo ti oògùn ikú mọ́ ibi tí ènìyàn méjì yóò ní láti pàdé kí ó tó ṣí. Bí ohun yìí ti kéré tó, ó lè gba ẹ̀mí là ní òru tí ọkàn ẹnìkan bá ṣókùnkùn.

Àwọn kan yóò wí pé àdúrà nìkan tó. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́, a ń gbàdúrà fún un, a sì ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Kí ni ọkàn ṣẹ̀? Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù ẹnu ayé. Láti 1907 ni ilé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ti wà ní Yábá, àwa ará Èkó sì ti sọ orúkọ ibẹ̀ di èébú. Bí ẹnìkan bá ṣe ohun tí kò yé wa, a óò ní "Yaba Left" ni ó ń lọ. Ẹni tí ó ti gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ láti kékeré kò ní fẹ́ kí a rí òun ní ẹnu ọ̀nà ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn gidi ni, a sì ń rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó ń lọ síbẹ̀ ní òwúrọ̀ tí wọ́n sì ń padà sí ilé ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà. Òfin pẹ̀lú ti yí ojú padà. Òfin ọ̀daràn tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 pàṣẹ pé ẹni tí ó bá gbìyànjú láti pa ara rẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ilé ẹjọ́ fi í ránṣẹ́ sí. Ní oṣù kìíní 2023, Ààrẹ fi ọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun fún gbogbo Nàìjíríà, èyí tí ó rọ́pò òfin wèrè tí ó ti wà láti 1916.

Nítorí náà, bí ẹnìkan nínú àwọn wọ̀nyí bá bẹ̀rẹ̀ sí wí pé ayé sú òun, tàbí tí ó ń pín ohun ìní rẹ̀ láìnídìí, ẹ má ṣe dúró di ọ̀la. Ẹ bi í léèrè tààrà bóyá ó ń rò láti pa ara rẹ̀. Ìbéèrè náà kò ní fi èrò náà sí i lọ́kàn. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ti ń retí ẹni tí yóò béèrè. Ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, ẹ sì bá a mú ohun tí ó lè fi pa ara rẹ̀ kúrò nítòsí. Láti Ìsàlẹ̀ Èkó, ilé ìwòsàn ìjọba tí ó wà ní Ọ̀dán kò jìnnà fún ìrànlọ́wọ́ àkọ́kọ́. Yábá àti ilé ìwòsàn ńlá ti Ìdí-Àràbà sì ní àwọn dókítà ọkàn. Ẹ bá a lọ, ẹ bá a jókòó títí a ó fi pe orúkọ rẹ̀, ẹ sì bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọ̀nà, bí ó bá fẹ́ sọ ọ́, ohun tí ẹran náà ń jẹ́.